Ọmọ Ìwòpin Lórí Ilẹ̀kùn Omi

Bí ẹ bá fẹ́ bí Mobọ́lájí nínú, ẹ sọ fún un pé ọmọ odò kì í bẹ̀rù omi. Adédèjì ọkọ rẹ̀, ọmọ Ẹ̀gbá tó dàgbà sáàárín òkúta, máa ń sọ ọ́ nígbà tí àwàdà bá gùn ún. "Èmi ará orí àpáta ń lúwẹ̀ẹ́, ìwọ ọmọ etí ọ̀sà ń fi garawa wẹ̀!" Mobọ́lájí a sì dáhùn pé, "Ẹni tí ejò bù jẹ rí ni kí ẹ bi léèrè ejò. Ẹ má bi ẹni tó rí i nínú àwòrán."

Òótọ́ ni pé garawa ló fi ń wẹ̀. Ilé tí wọ́n ń gbé ní Broughton, lẹ́bàá Manchester nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ní báàfù funfun kan tó gùn tó ènìyàn, ṣùgbọ́n láti ìgbà tí wọ́n ti kó débẹ̀, Mobọ́lájí kò dí ihò báàfù náà rí kí omi kún inú rẹ̀. Yóò gbé garawa sínú rẹ̀, yóò dúró tì í, yóò máa fi ike bu omi sára bí ẹni tó wà ní ẹ̀yìnkùlé ní Ìjẹ̀bú. Bẹ́ẹ̀ sì ni, iṣẹ́ tó ń ṣe ní ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ní Ashton-under-Lyne, ìdajì rẹ̀ iṣẹ́ omi ni. Òun ló ń po gbígbóná mọ́ tútù, òun ló ń fi ìgbọ̀nwọ́ tọ́ ọ wò, òun ló ń fi ẹ̀rọ sọ àwọn ìyá àgbà kalẹ̀ sínú báàfù pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ẹni ń gbé ẹyin sínú ìtẹ́. Bí ìyá kan bá ń gbọ̀n, á di ọwọ́ rẹ̀ mú, á sọ fún un pé kó fọkàn balẹ̀, òun ti dì í mú. Àwọn ìyá wọ̀nyẹn a sì fọkàn balẹ̀ lóòótọ́. Mobọ́lájí lè gbé gbogbo ayé fún omi. Ara rẹ̀ nìkan ni kò lè gbé fún un.

Ìwòpin ni wọ́n bí i sí, létí ọ̀sà, ní ìpínlẹ̀ Ògùn. Reuben, bàbá rẹ̀, ń fi ọkọ̀ onígi kó èrò àti ẹrù lọ sí Ẹ̀pẹ́. Ọkùnrin yìí ní àṣà kan. Kò ní gbé ẹsẹ̀ sínú ọkọ̀ láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ bẹ̀rẹ̀, kó ti ìka bọ omi, kó fi kan iwájú orí rẹ̀. Bí ẹnikẹ́ni bá bi í bóyá ètùtù ló ń ṣe, á bú sẹ́rìn-ín. "Ètùtù kẹ̀? Èmi tí mò ń lu agogo ṣọ́ọ̀ṣì! Mò ń kí i ni. Ṣé o máa ń wọ ilé onílé láìkí i ni?"

Nígbà tí Mobọ́lájí wà ní ọmọ ọdún méje, ó bá ìyàwó àbúrò bàbá rẹ̀ wọ ọkọ̀ ẹlòmíràn lọ sí Ẹ̀pẹ́. Ìjì ká wọn mọ́ àárín ọ̀sà, ọkọ̀ sì dojú dé. Ẹnikẹ́ni kò kú. Gààrí nìkan ló bá omi lọ. Ṣùgbọ́n kí wọ́n tó fi irun dídì orí rẹ̀ fà á jáde, ọmọdébìnrin náà ti rí abẹ́ omi. Ó dúdú, ó dákẹ́, kò sì sí ibi tí ọwọ́ lè dì mú. Èyí tó kẹ́yìn yìí ló wọ̀ ọ́ lára jù lọ. Gbogbo nǹkan mìíràn láyé ló ní etí, tàbí ìdí, tàbí ọwọ́ tí a lè fi gbé e. Omi kò ní. Kò pẹ́ sígbà náà ni wọ́n mú un lọ sọ́dọ̀ ìyá ìyá rẹ̀ ní Ìjẹ̀bú-Òde, níbi tí omi ti ń jáde láti ẹnu ẹ̀rọ. Kò wọ ọkọ̀ ojú omi mọ́ láti ọjọ́ náà.

Wàyí o, ṣọ́ọ̀ṣì tí wọ́n ń lọ, tó wà nínú ilé ìkẹ́rùsí àtijọ́ kan ní Cheetham Hill, kì í wọ́n omi síni lórí. Ìrìbọmi tiwọn, odindi ènìyàn ló ń wọlé. Lọ́dọọdún, wọn a gbé agbada ńlá kan kalẹ̀ níwájú pẹpẹ, wọn a fi rọ́bà fa omi sínú rẹ̀, Pásítọ̀ a sì dúró sínú rẹ̀ dé ìbàdí. Mobọ́lájí ti parí kíláàsì ìrìbọmi lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà méjèèjì ni wọ́n pe orúkọ rẹ̀, nígbà méjèèjì ni wọ́n bá a ní ilé ìdáná, níbi tó ti ń se ìrẹsì tí àwọn tó bá jáde nínú omi yóò jẹ.

"Sístà Mobọ́lájí," ni Wùmí, olórí ilé ìdáná, sọ fún un nígbà kejì, "ìrẹsì ti jinná, ó ti wà nínú kúlà, mo ti dé e. Lọ wọmi!"

"Ẹnì kan gbọ́dọ̀ ṣọ́ kúlà," ni Mobọ́lájí wí.

"Lọ́wọ́ ta ni? Àwọn áńgẹ́lì?"

Ọ̀rọ̀ náà di òwe nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Bí ẹnìkan bá sá fún ìpàdé àdúrà òwúrọ̀, wọ́n á ní ó ń ṣọ́ kúlà. Mobọ́lájí a bá wọn rẹ́rìn-ín. Inú rẹ̀ kì í dùn bó bá dé ilé.

Lọ́dún tí à ń sọ yìí, ọ̀rọ̀ náà kúrò ní ti ẹ̀rín. Ọpẹ́olúwa, àkọ́bí rẹ̀ obìnrin, pé ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, òun náà sì parí kíláàsì. Ọmọ tí kì í sọ ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ ni, ṣùgbọ́n ìyá rẹ̀ mọ̀ pé ó fẹ́ ìrìbọmi yìí gan-an. Ó ti ra aṣọ funfun, ó ti lọ̀ ọ́, ó ti fi kọ́ sí ẹ̀yìn ilẹ̀kùn yàrá rẹ̀, kò sì jẹ́ kí Dùnsìn àbúrò rẹ̀ fọwọ́ kàn án. Ní Ọjọ́bọ̀ tó ṣáájú ìrìbọmi, bí wọ́n ṣe ń jẹun alẹ́, ó gbé ṣíbí kalẹ̀.

"Mummy, ṣé ẹ máa wọmi lọ́jọ́ Sunday?"

"Wùmí ní àwọn ènìyàn máa pọ̀. Oúnjẹ—"

"Okay." Ọmọ náà tún gbé ṣíbí. "Tí ẹ ò bá wọmi, èmi náà ò ní wọmi. A jọ máa ṣọ́ kúlà."

Kò sọ ọ́ pẹ̀lú ìbínú, kò sì tún un sọ. Adédèjì wo ojú ìyàwó rẹ̀, ó sì gbájú mọ́ oúnjẹ rẹ̀. Mobọ́lájí kò rí oorun sùn dáadáa lálẹ́ náà. Kó pàdánù ìrìbọmi tirẹ̀, ó ti mọ́ ọn lára. Ṣùgbọ́n kí aṣọ funfun yẹn wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn títí di ọdún tó ń bọ̀ nítorí tirẹ̀, ìyẹn wúwo.

Dùnsìn, ọmọ ọdún mẹ́jọ, ló fa ìrìnàjò ọjọ́ Sátidé. Wọ́n ń kọ́ wọn nílé ìwé nípa kànáàlì ńlá tí àwọn àgbà Manchester gbẹ́, kí ọkọ̀ òkun lè máa ti Liverpool wọ ìlú wá. Odò náà kì í lọ gbọọrọ. Ó ní àtẹ̀gùn bíi ti ilé, ilẹ̀kùn irin ńláńlá ni ọkọ̀ sì ń gbà láti orí àtẹ̀gùn kan sí òmíràn. Adédèjì wádìí, ó sì gbọ́ pé ọkọ̀ kan tó ń kó àwọn tó ń gbafẹ́ yóò gba ilẹ̀kùn tó wà ní Irlam kọjá lọ́sàn-án ọjọ́ náà. "Gbogbo wa la máa lọ," ló wí. Mobọ́lájí kò bá a jiyàn. Ó kàn dáná ìrẹsì, ó dín ẹran, ó kó o sínú kúlà aláwọ̀ búlúù.

"Wákàtí méjì péré la máa lò," ni Adédèjì wí bó ṣe ń ti ẹrù náà sẹ́yìn mọ́tò.

"Ebi kì í bèèrè aago," ni ìyàwó rẹ̀ dáhùn.

Òjò wínníwínní Manchester ń rọ̀ nígbà tí wọ́n dé. Wọ́n gbé mọ́tò dúró sí etí odò, lẹ́yìn ilé bíríkì pupa kan. Omi odò náà ga ní apá òkè, ó dúdú bí aró, ó sì dákẹ́. Ní apá ìsàlẹ̀, láàárín ògiri òkúta méjì, ihò gígùn kan ṣí sílẹ̀, ibẹ̀ jìn débi pé omi tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ dà bí ojú kànga. Ilẹ̀kùn irin méjì tí wọ́n pa mọ́ra ló dúró láàárín òkè àti ìsàlẹ̀, afárá tóóró sì wà lórí wọn. Òyìnbó àgbàlagbà kan tó wọ jákẹ́ẹ̀tì aláwọ̀ ọsàn ń ṣọ́ ibẹ̀. Ó kí wọn, ó ní tí wọ́n bá fẹ́ rí ọkọ̀ dáadáa, kí wọ́n sọdá sí òdìkejì, kí wọ́n sì tètè ṣe é, nítorí bí ọkọ̀ bá ti wọlé, wọn yóò ti afárá.

"Ó yá," ni Adédèjì wí.

Mobọ́lájí ti gbé kúlà sọ̀ kalẹ̀, ó ti jókòó lé e. "Ẹ máa lọ. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ ṣọ́ kúlà."

"Ìyá Ọpẹ́! Ta ló fẹ́ jí kúlà ní Irlam?"

"Ẹ ò mọ ayé, Bàbá Ọpẹ́."

Dùnsìn wò yíká. "Mummy, ẹyẹ nìkan ló wà níbí o."

"Ẹyẹ náà ń jẹ ẹran."

Wọ́n lọ. Ó ń wo ẹ̀yìn wọn lórí afárá náà, bàbá, Dùnsìn, Ọpẹ́olúwa, ọ̀kọ̀ọ̀kan bí èèrà lórí okùn, ó sì ń ka ìṣísẹ̀ wọn títí ẹsẹ̀ ẹni tó kẹ́yìn fi kan ilẹ̀ lódìkejì. Dùnsìn ń juwọ́ sí i. Ó juwọ́ padà. Ó rí i pé ara rẹ̀ balẹ̀ níbi tó wà, ilẹ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀, kúlà lábẹ́ ìdí rẹ̀. Ó tún rí i pé òun nìkan ló wà níbẹ̀.

Kò pẹ́, ọkọ̀ fọn fèrè láti ọ̀nà jíjìn. Dùnsìn bẹ̀rẹ̀ sí í fò sókè sódò. Ìgbà náà gan-an ni Mobọ́lájí rí Ọpẹ́olúwa tó ń padà bọ̀ lórí afárá, tó sì ń wá tààrà sọ́dọ̀ rẹ̀.

"Ẹ sún fún mi díẹ̀, Mummy." Ó jókòó tì í lórí kúlà.

"Kí lo wá ṣe?"

"Mo wá bá yín ṣọ́ ọ."

"Ọpẹ́, ọkọ̀ ń bọ̀! Ilé yìí dí iwájú, o ò ní rí nǹkan kan níbí."

"Kò burú. Mo máa wo bíríkì." Ó sì dojú kọ ilé bíríkì náà lóòótọ́, ó káwọ́, ó ń wò ó bí ẹni ń wo sinimá.

Ẹ̀rín fẹ́ pa Mobọ́lájí, ṣùgbọ́n omi lé sí ojú rẹ̀. Ọjọ́ Sunday ló rí níwájú rẹ̀ yẹn, kò sì yàtọ̀ rárá. Ilé ìdáná ṣọ́ọ̀ṣì ló rí, àwọn ènìyàn ń kọrin níta, ọmọ rẹ̀ jókòó lórí kúlà nínú aṣọ funfun tí kò kan omi, ó ń wo ògiri.

Ó dìde. Ó tọ òyìnbó náà lọ, ó sì fi èdè òyìnbó bi í ní ìbéèrè tó ti wà nínú rẹ̀ láti ọmọ ọdún méje. Omi pọ̀ tó báyìí lẹ́yìn ilẹ̀kùn yìí. Bó bá fi gbogbo agbára rẹ̀ tì í ńkọ́?

Òyìnbó náà pè é ní "love", bí àwọn ará Manchester ṣe ń pe gbogbo ayé. Ó fi ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì hàn án, ó fi orí ìka wọn kora bí òrùlé ilé. Ó ní kó wo ilẹ̀kùn náà dáadáa: kò dúró gbọọrọ, ṣe ló forí kora báyìí, ó sì kọjú sí ibi tí omi ti ń bọ̀. Bí omi bá ṣe ń tì í tó, bẹ́ẹ̀ ni àwọn méjèèjì ń fún mọ́ra tó. "A kì í fi kọ́kọ́rọ́ tì í," ló wí. "Omi fúnra rẹ̀ ló ń bá wa tì í. Odò yìí ti lé ní ọgọ́rùn-ún ọdún, omi ló ṣì ń ṣe iṣẹ́ náà."

Mobọ́lájí dúró, ó ń wo ilẹ̀kùn náà. Gbogbo ìgbà tó fi ń sá fún omi, ó rò pé nǹkan tí kò gba àṣẹ ni. Omi tó wà níwájú rẹ̀ yìí ti ní ilẹ̀kùn, ó ní àsìkò, ó ń dúró de ìgbà tí wọ́n á ní kó wọlé. Ó wo orí afárá. Irin wà lọ́tùn-ún rẹ̀, irin wà lósì rẹ̀. Ibi dídì mú wà.

"Ó ku díẹ̀ ká ti afárá o," ni òyìnbó náà wí.

Mobọ́lájí yíjú sí ọmọ rẹ̀. "Dìde."

"Kúlà ńkọ́?"

"Mo ní kí o dìde!"

Òjò ti rin ojú irin náà. Kí ó tó gbé ẹsẹ̀ àkọ́kọ́, Mobọ́lájí fi ìka nu omi tó wà lórí rẹ̀, ó sì fi kan iwájú orí, láìmọ ìgbà tí ọwọ́ rẹ̀ ṣe bẹ́ẹ̀. Ọpẹ́olúwa mú un lọ́wọ́ òsì. Ó fi ọwọ́ ọ̀tún di irin mú gírígírí. Omi òkè ń bẹ lápá kan, ihò jíjìn ń bẹ lápá kejì. Bí wọ́n ti dé àárín, níbi tí ilẹ̀kùn méjèèjì ti forí kora, ẹsẹ̀ rẹ̀ dúró. Kò lọ síwájú, kò sì padà sẹ́yìn.

"Ọpẹ́."

"Mo ti dì yín mú, Mummy." Ohùn ọmọ náà rọlẹ̀. "Mo ti dì yín mú."

Ọ̀rọ̀ tirẹ̀ gan-an ni, èyí tó ń sọ fún àwọn ìyá àgbà ní Ashton lójoojúmọ́. Kò mọ̀ pé bó ṣe ń dùn tó létí ẹni tó ń gbọ̀n nìyẹn. Ó gbé ẹsẹ̀ kan. Ó gbé èkejì. Nígbà tí bàtà rẹ̀ kan òkúta òdìkejì, Dùnsìn ti rọ̀ mọ́ ọn ní ìbàdí, Adédèjì sì ti na ọwọ́ sí i.

Ọkọ̀ wọlé. Láti òkè, orí àwọn èrò rẹ̀ nìkan ni wọ́n ń rí nínú ihò náà. Ilẹ̀kùn ìsàlẹ̀ pa dé lẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n wá jẹ́ kí omi òkè wọlé lábẹ́, ó ń hó, ó ń yí, ihò náà sì bẹ̀rẹ̀ sí í kún. Mobọ́lájí ń retí kí ẹ̀rù wá. Ohun tó rí ni pé omi náà ń gbé odindi ọkọ̀ irin sókè, díẹ̀díẹ̀, bí òun ṣe ń fi ẹ̀rọ gbé àwọn ìyá rẹ̀. Ọ̀pá ọkọ̀ yọ, lẹ́yìn náà àwọn ènìyàn tó mú agbòjò dání, lẹ́yìn náà fèrèsé, títí tí ojú fi kan ojú. Àwọn èrò ọkọ̀ juwọ́.

Mobọ́lájí na ọwọ́ méjèèjì sókè. "Ọmọ Ìwòpin rèé o!" ló kígbe. "Èmi ọmọ Reuben rèé!"

Àwọn èrò kò gbọ́ ohun tó wí, ṣùgbọ́n wọ́n mọ̀ pé ayọ̀ ni. Wọ́n hó lé e lórí, ọkọ̀ sì fọn fèrè kan tó mì gbogbo etí odò. Adédèjì bọ́ fìlà rẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ sínú òjò.

"Láti òní lọ, mo kó ọ̀rọ̀ mi jẹ. Ọmọ odò tó gun omi lórí!"

"Ẹ dìde, Bàbá Ọpẹ́, ilẹ̀ tutù." Ẹ̀rín kò jẹ́ kó sọ ọ́ tán.

Dùnsìn ló rántí. "Ta ló wá ń ṣọ́ kúlà báyìí?"

Gbogbo wọn yíjú. Lódìkejì odò tí ilẹ̀kùn rẹ̀ ti ṣí, tí ẹnikẹ́ni kò lè sọdá, ẹyẹ òkun ńlá kan ti bà sórí kúlà búlúù náà, ó ń fi ẹnu sọ ìdérí rẹ̀.

Mobọ́lájí wò ó. "Kúlà á ṣọ́ ara rẹ̀," ló wí, ó sì yíjú padà sí ọkọ̀. Nígbà tí ilẹ̀kùn tún pa dé tí wọ́n ń padà, òun ló ṣáájú lórí afárá, ó fa Dùnsìn lọ́wọ́. Ẹyẹ náà kò rí ìdérí ṣí. Ó kàn fi àmì sílẹ̀ lórí rẹ̀ ni.

Lọ́jọ́ Sunday, agbada wà níwájú pẹpẹ, omi kún inú rẹ̀. Nígbà tí wọ́n pe orúkọ, Wùmí yọjú láti ilé ìdáná bí ìṣe rẹ̀.

"Sístà Mobọ́lájí! Ta ni yóò ṣọ́ kúlà?"

"Ìwọ," ni Mobọ́lájí wí, nínú aṣọ funfun, láàárín ìjọ. Ṣọ́ọ̀ṣì bú sẹ́rìn-ín, wọ́n sì pàtẹ́wọ́.

Òun àti Ọpẹ́olúwa jọ gun àtẹ̀gùn kékeré tí wọ́n gbé ti agbada. Ní etí agbada, ó bẹ̀rẹ̀, ó ti ìka bọ omi, ó fi kan iwájú orí. Pásítọ̀ wò ó pẹ̀lú ìyanu.

"Sístà, kí nìyẹn?"

"Mò ń kí i ni, Pásítọ̀. A kì í wọ ilé onílé láìkí i."

Wọ́n rì í. Abẹ́ omi dúdú, ó sì dákẹ́, bó ṣe wà lọ́jọ́ kìíní. Ṣùgbọ́n ọwọ́ Pásítọ̀ wà lẹ́yìn rẹ̀, ọwọ́ ọmọ rẹ̀ wà nínú tirẹ̀, ó sì di ọwọ́ náà mú. Kó tó ka ení, èjì, ìmọ́lẹ̀ ti dé, orin ti gba ilé, omi ń ṣàn lójú rẹ̀.

"Ṣé ó ti parí?" ló bèèrè.

"Ó ti parí!"

"Háà! Èyí náà ni mo ń sá fún?"

Ó dúró sínú omi náà, kò jáde, títí wọ́n fi ri Ọpẹ́olúwa bọ̀ ọ́ tí wọ́n sì gbé e sókè. Òun ló kọ́kọ́ dì mọ́ ọn.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, Adédèjì tó fẹ́ wẹ̀ kí ó tó lọ síṣẹ́ bá ilẹ̀kùn ilé ìwẹ̀ ní títì. Ó gbọ́ tí omi ń dà, ó ń dà, kò dúró. Ó kan ilẹ̀kùn.

"Ìyá Ọpẹ́, ìwọ lo wà níbẹ̀? Ó ti pẹ́ o!"

Omi dún pọ̀ọ̀ nínú báàfù, bí ìgbà tí ènìyàn bá sùn sẹ́yìn sínú rẹ̀.

"Garawa wà lẹ́nu ọ̀nà," ni ohùn ìyàwó rẹ̀ wí. "Ẹ gbé e, kí ẹ lọ fi wẹ̀ ní kíṣìnì."